Oúnjẹ Ebu àti Ìlà Kejì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì

Catherine pè mí sí ọ́fíìsì kí n tó bọ́ kóòtù òtútù lára. Ọ̀gá wa kì í fa àga fún èèyàn lásán. Bó bá ti fa àga, kí onítọ̀hún ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó fa àga fún mi. Àwọn tó ń fowó ràn wá lọ́wọ́ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Bí ebu wa, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, kò bá mú oògùn gíráàmù méjì wá nínú lítà kan kó tó dìgbà náà, wọ́n máa ti iṣẹ́ náà pa. 0.8 la wà báyìí.

Ó ní òun mọ ohun tó túmọ̀ sí fún mi. Ó mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi wà lórí iṣẹ́ yìí, ti Dávídì ọkọ mi àti ti Wúrà ọmọ wa sì wà lórí tèmi. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba òyìnbó fún wa láti rí òmíràn tàbí ká di ẹrù wa padà sílé. Mo ní, "No problem, Catherine." Irú ẹnu wo ni mo ní ná?

Òtútù burúkú. Ọkọ̀ ojú irin dúró ní Becontree fún ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó sọ ìdí.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Dávídì bi mí pé kí ni mo ń fún ebu jẹ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo ní ìṣòro rẹ̀ gan-an ni pé ó ń jẹun jù. Bí a bá da ṣúgà fún un lẹ́ẹ̀kan náà, á sanra, á kún inú táǹkì bí ẹ̀kọ, kò sì ní mú oògùn kankan wá. Ìgbà tí oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ló máa ń rántí pé òun ní ọ̀tá, á wá máa ṣe oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn.

"So na hunger dey make am sharp," ni Dávídì wí. "Èmi náà nìyẹn nígbà tí mo wà ní Poly."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti ń kán ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo ti dín omi àgbàdo kù, èyí tí màmá mi ìbá pè ní omi ògì, mo tún ti fi kún un. Iyọ̀ amóníà, tó dà bí ajílẹ̀ fún un, nìkan ni n kò fọwọ́ kàn. Gíráàmù mẹ́jọ sí táǹkì kékeré kan ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi kọ sílẹ̀, mẹ́jọ náà la sì ń lò.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì

Alàgbà Adédìran ló darí ìsìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi lórí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, èmi ni ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, èmi ni mo ń sọ táǹkì tí wọ́n á fọ̀ àti ohun tí wọ́n á wọ̀n. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n, ọdún méjìlélógún ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí wọ́n tó wá sílùú yìí. Kò tíì sí ọjọ́ tí mo sọ pé "Ẹ bá mi fọ táǹkì yẹn, sà" tí orúnkún mi kò fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lónìí wọ́n gbàdúrà fún mi nítorí iṣẹ́. Wọ́n pe ebu ní orúkọ ebu nínú àdúrà, arábìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lajú wò wá.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kejì

Táǹkì mẹ́rin lónìí. Mo ti wọn ti mẹ́ta tán nígbà tí ilé ìwé Wúrà pè pé ó ń bì. Mo bẹ Alàgbà kí wọ́n bá mi wọn ti ìkẹrin.

"Máa lọ jàre," ni wọ́n wí. "Lọ tọ́jú ọmọ ẹ. Ṣé iyọ̀ wíwọ̀n ló máa wá ṣòro fún mi?"

Ìlà méjì ló wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, ọ̀kan fún ẹni tó wọn nǹkan, èkejì fún ẹni tó dúró tì í tó sì fi ojú ara rẹ̀ rí nọ́ńbà tó wà lójú sikélì. Mo bu ọwọ́ lu ìlà kejì sílẹ̀, mo sáré jáde.

Kò sí ohun tó ṣe Wúrà. Súwíìtì ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi ṣe oúnjẹ àárọ̀. Òjò pa wá láti ibùdókọ̀ Upney dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì

Táǹkì kìíní, 0.8. Ìkejì, 0.9. Ìkẹta, 0.8.

Ìkẹrin, 1.9.

Mo tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. 1.9. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kejì

Kí ló wá yàtọ̀? Omi àgbàdo ti ìkẹrin wá láti inú garawa tuntun, táǹkì náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Catherine ti gbé Alàgbà lọ sí yàrá kejì láti ran àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà mo lọ bá wọn níbẹ̀.

"Sà, ẹ ò rántí nǹkan kan tó yàtọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Bí fọ́ọ̀mù ṣe wí ni mo ṣe é."

"Iyọ̀ amóníà ńkọ́, sà?"

Wọ́n wò mí. "Ọmọ́ṣọlá. Mẹ́jọ."

Ọ̀rọ̀ parí. Ta ni mo jẹ́ tí màá tún ìbéèrè kan náà bi wọ́n? Garawa tuntun ni mo máa gbájú mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kejì

Garawa tuntun nínú táǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 0.8, 0.8, 0.9, 0.7. Garawa kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Mo lọ ra nǹkan ọbẹ̀ ní Heathway. Ata rodo mẹ́rin fún pọ́n-ùn kan. Mẹ́rin! Mo bínú sí ata títí mo fi délé, ó sì tù mí lára ju kí n máa bínú sí ebu.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ lánàá, bẹ́ẹ̀ ebi àìrí ọ̀nà àbáyọ ti ń pa mí tẹ́lẹ̀. Èsì dé. Mo tún lo táǹkì ìkẹrin: 0.8. Táǹkì kọ́. Mo ti pààrọ̀ afẹ́fẹ́, mo ti pààrọ̀ ooru, mo ti pààrọ̀ irúgbìn ebu fúnra rẹ̀. Catherine ní bóyá 1.9 yẹn, ẹ̀rọ ló ṣì í kà. Ó rọra sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ méjìlélógún ló kù.

Nígbà tí mo délé, Dávídì ti ń wo iye tí wọ́n ń gbà láti kó ẹrù lọ sílé nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó sáré pa fóònù dé. Mo ti rí i. Mo jágbe mọ́ Wúrà nítorí bàtà tó fi sójú ọ̀nà.

"Mummy, it's just shoes," ló wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo gbé bàtà náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà mí, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwé mẹ́ta ni ọmọ yìí ti lọ, èyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí kó tó bọ́ lórí mi.

Tọkọtaya kan gbé ọmọ wọn tuntun, Jésùfẹ́mi, wá dúpẹ́. Lórí pátákó orin tó wà lára ògiri, 33 ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, orin ìdúpẹ́ ọmọ. Alàgbà Adédìran gbójú sókè wo pátákó, wọ́n kéde pé, "Orin kejìdínláàádọ́rùn-ún." Wọn kì í ṣí ìwé orin, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí wọn. Wọ́n dá a.

Orin òkú ni. Èyí tí ìjọ wa máa ń kọ bí a bá ń gbé pósí jáde.

Bí Alàgbà bá ti dá orin, ẹnu ẹni á kàn máa tẹ̀ lé e ni. Ìdajì ìjọ ti kọ ẹsẹ kan tán kí ojú tó là. Ìyá ọmọ fa ọmọ mọ́ra. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá ìjọ yí i ká, wọ́n ní Ẹ̀mí ló gbé orin yẹn wá, àfi kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ẹ̀mí ọmọ náà. Obìnrin náà ń sunkún, kò tíì pé oṣù kan tó bímọ.

Mo dúró lẹ́sẹ̀ lásán lórí kápẹ́ẹ̀tì, pátákó yẹn ni mo ń wò. 33. Alàgbà rí 88. Nọ́ńbà pupa ojú sikélì wa wá sí mi lọ́kàn: igi méjì péré lápá òsì ló fi ya mẹ́jọ sọ́tọ̀ kúrò lára mẹ́ta. Àwọn èèyàn ń sọ pé Ẹ̀mí ni, èmi sì mọ̀ pé ojú ni.

Mo sì dákẹ́. Mo wọ bàtà mi, mo lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo wọn iyọ̀ amóníà mẹ́ta sí táǹkì méjì, mẹ́jọ sí méjì. Michelle tó ń bójú tó fọ́ọ̀mù ló bu ọwọ́ lu ìlà kejì. N ò sọ ìdí fún un, kò sì bi mí. Ọjọ́ méje.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Oòrùn yọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ará ibí ti bọ́ra sílẹ̀ ní Barking Park bí ẹni pé ó mú. Ebu inú táǹkì oní-mẹ́ta kò kún tó ti oní-mẹ́jọ. Ó rù. N kò fẹ́ kí ọkàn mi tíì yọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Oní-mẹ́jọ: 0.8, 0.8.

Oní-mẹ́ta: 2.2, 2.3.

Ọlọ́run tóbi! Iyọ̀ ló ń bà á jẹ́ láti ọjọ́ yìí. A ti fún un yó jù, ó wá gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Catherine dì mọ́ mi, mo rò pé egungun ìhà mi máa kán. Ó ní kí n kọ bí mo ṣe dé orí mẹ́ta sílẹ̀, ojú ewé kan péré, kó tó di ọjọ́ táwọn àlejò ń bọ̀. Mo ní màá kọ ọ́.

N ò tíì kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Mo gba iwájú yàrá kejì kọjá. Alàgbà ń wọn nǹkan lọ́wọ́. Imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sikélì. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n nàró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Mo lọ sílé wọn ní Becontree Heath. Mo ra ọsàn dání, nítorí a kì í fi ọwọ́ òfìfo gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé àgbà. Ìyá Ìbíwùmí, ìyàwó wọn, ló ṣílẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, n ò sì dìde.

"Ẹ má bínú, sà. Orin ọjọ́ Àìkú ìjelòó..."

"Ṣé torí orin lo ṣe wá?" ni Alàgbà wí.

"Torí sikélì ni, sà."

Ìyá Ìbíwùmí ló kọ́kọ́ fọhùn.

"Ṣé ẹ rí i? I told you! Láti October ni hospital ti fi orúkọ yín sórí list operation ojú, wọ́n ṣáà ní ká máa dúró. Mo ní ẹ sọ fún àwọn ibi iṣẹ́, ẹ ní rárá, they will sack you."

"Ó tó, Ìyá Ìbíwùmí." Alàgbà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi ẹ̀wù nù ún, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe awò ló dọ̀tí. "Ó dà bí ẹni ń wo nǹkan láti inú láílọ́ọ̀nù. Ó máa ń sàn díẹ̀ láàárọ̀. Mẹ́ta ni mo wọ̀n, àbí?"

"Mẹ́ta ni, sà."

"Ó sì mú oògùn wá?"

"Mo tún un ṣe, sà. 2.3."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tó ti sùn nínú wọn jí. "Nitrogen! Ó ti pọ̀ jù fún un! Wò ó, ṣé o rí i pé ebi ló yẹ kó pa á?" Lójú ẹsẹ̀ náà ni ẹ̀rín yẹn kú. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé ohun tẹ́ ẹ bá wọ̀n gan-an ni kẹ́ ẹ kọ."

Mo ní mo fẹ́ kọ òótọ́ fún Catherine. Mo ní mo wá tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ni.

"Má kọ ọ́," ni wọ́n wí. "Sọ pé ìwọ lo ronú kan mẹ́ta. Màá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, màá ní ara ti dara àgbà. Ọ̀rọ̀ tán."

"Sà, n ò lè gba ohun tí kì í ṣe tèmi."

"Ọmọ́ṣọlá." Wọ́n rọ ohùn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń rọ̀ ọ́ fún ọmọ tó bá fẹ́ kan iná. "Orúkọ ta ló wà lórí ìlà kejì?"

Èmi ni. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dúró síwájú pátákó orin, n ò kàn fẹ́ kọ ọ́ síbí ni. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù kan yẹn nìkan. Gbogbo ohun tí Alàgbà ti wọ̀n láti Oṣù Kẹsàn-án, ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀, n ò sì wo ojú sikélì rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹlòmíràn bá ń wọn nǹkan, mo máa ń wò. Ti Alàgbà, báwo ni mo ṣe fẹ́ na ọrùn kọjá èjìká àgbà bí ẹni ń ṣọ́ olè? Ìyẹn ni mo pè ní ọ̀wọ̀. Wọ́n nílò ẹni tó máa bá wọn wò ó, èmi ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Òfin ilé iṣẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹni tó bá bu ọwọ́ lu ohun tí kò rí, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ mi sì ni ìwé ìgbélùú wa.

Ìyá Ìbíwùmí di ìrẹsì fún mi lọ sílé. N ò rántí bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta

N ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Kò fọ́.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Alàgbà ti fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lé Catherine lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ lọ lópin oṣù. Catherine ní ó dun òun, pé kò sí ẹni tó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ tó wọn nílé iṣẹ́ yìí. Ó fẹ́ ra kéèkì. Ó tún béèrè ojú ewé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dávídì. Ó jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn, kó má bàa dé etí Wúrà.

"Ṣọlá, the man has given you a way out. Gbà á."

"Irọ́ ni."

"Irọ́ wo? Nobody is asking you to lie. Just don't talk. Bàbá ti fúnra wọn ní kó o má sọ ọ́. Ṣé o fẹ́ mọ òótọ́ ju àgbà lọ ni?" Ó wo òkè, níbi tí Wúrà ti ń kọrin jẹ́jẹ́. "Sixty days, Ṣọlá. Ìwọ lo máa sọ fún un o. N ò ní bá ẹ sọ ọ́."

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ń bà á ni, bó ṣe ń bà mí. Mo ní màá gba tirẹ̀. Mo sọ ọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Mo kọ ojú ewé náà: *Mo dín iyọ̀ amóníà kù sí mẹ́ta láti wò bóyá ebu ń yó jù.* Ó dùn-ún kà. Kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹta

Mo fẹ́ lọ fi ojú ewé náà lé Catherine lọ́wọ́. Michelle ń di páálí kan ní ẹnu ọ̀nà. Mo bi í pé kí ni. Ó ní ìyẹ̀fun oògùn ti yàrá kejì ni, ọjọ́ Ajé ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa dán an wò lára eku. Bí ó bá dáa lára eku, ara èèyàn ló kàn.

Alàgbà ló wọn gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Alàgbà ló wọn ìyẹ̀fun náà sínú ìgò. Mo wo àwọn fọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ páálí. Mẹ́fà nínú wọn, ọwọ́ mi ló wà lórí ìlà kejì. Wọ́n máa ń pè mí wá fọwọ́ sí i, mo máa ń lọ, mo máa ń sọ pé "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Bí ojú ewé mi bá wọlé bó ṣe wà, páálí yìí á lọ. Ẹnì kan á ka nọ́ńbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, á gbé iṣẹ́ ka orí rẹ̀, nítorí pé ó rí orúkọ mi níbẹ̀.

Mo fa ojú ewé náà ya. Inú ń bí mi, n ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Sí ara mi ni, kí n má tan ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

Mo pe Alàgbà lórí fóònù láàárọ̀. Mo ní, "Sà, mo fẹ́ sọ ọ́." Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣé wàá kọ ọ́ pé mẹ́ta ni mo wọ̀n? Kọ ọ́ kó hàn ketekete." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Mo kọ ojú ewé tuntun. Catherine kà á lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ìlà kejì, ó jókòó. Kò fa àga fún mi lọ́tẹ̀ yìí.

"Did you see any of them?" ló bi mí. "Even one?"

"Ti Alàgbà, rárá."

Ó pe Michelle kó gbé páálí wọlé padà. Ó ní kí n fi káàdì ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí n máa lọ sílé títí wọ́n á fi pè mí, kí n má sì wá lọ́la. Ọjọ́ àwọn àlejò. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ibi iṣẹ́ ní Heathway dé Upney. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bí ẹni tó ní ìjà, mo sunkún lójú ọ̀nà, mo sì sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Mo fọ gbogbo aṣọ ilé, títí kan èyí tó mọ́. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ Catherine wọlé: 2.3, wọ́n gbà, iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú. Kò sọ bóyá mo wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹta

Wọ́n pè mí. Èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn tábìlì, Catherine wà láàárín. Kí n tó jókòó, ilẹ̀kùn ṣí. Alàgbà Adédìran wọlé nínú kóòtù dúdú wọn, Ìyá Ìbíwùmí di apá wọn mú. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

"I told her not to look," ni Alàgbà wí. "I am her elder. She had to obey me. The fault is mine."

Mo dìde. N ò já àgbà nírọ́ rí láyé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ lédè wa ná, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lédè mìíràn: "Ẹ dárí jì mí, sà." Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ fún Catherine pé wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Kò sẹ́ni tó ní kí n má wò. Ojú ló ń tì mí láti wò ó.

Alàgbà tẹrí ba. Ìyá Ìbíwùmí ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run a ṣàánú yín." Àwọn mẹ́ta náà ní ká lọ dúró de ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin

Ìwé dé. Wúrà gbà á lọ́wọ́ mi, òun ló kà á sókè.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn ni. N ò gbọdọ̀ bu ọwọ́ lu ìlà kejì fún ẹnikẹ́ni fún ọdún kan. Wọ́n gba ìfiṣẹ́sílẹ̀ Alàgbà. Gbogbo ohun tí a jọ fọwọ́ sí, wọ́n máa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Catherine fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan sísàlẹ̀ pé, bó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló rí i, ì bá má sí iṣẹ́ fún mi mọ́.

"So we're staying?" ni Wúrà bi mí.

Dávídì ti dì mọ́ ọn kí n tó dáhùn. Ó dì mọ́ èmi náà. Kò sọ pé òun ti jẹ̀bi, n ò sì béèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Nígbà ìkéde, Alàgbà jáde síwájú. Wọ́n pe ìyá Jésùfẹ́mi. Wọ́n ní orin ọjọ́ yẹn, ojú àwọn ló ṣì í kà, kì í ṣe Ẹ̀mí, kí ó má ṣe gba ààwẹ̀ kankan mọ́, kó lọ jẹun kó lè rí wàrà fún ọmọ. Àwọn ìyá ìjọ kan kò gbà títí di ìsinsìnyí.

Mo kúnlẹ̀ kí Alàgbà lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n béèrè iye tí ebu ń mú wá. Mo ní 2.3 náà ni, sà. Wọ́n ní kí n gbìyànjú méjì ààbọ̀ iyọ̀ wò.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹrin

A bẹ̀rẹ̀ táǹkì ńlá, igba lítà. Ọgọ́fà gíráàmù iyọ̀ amóníà, mẹ́ta lọ́nà ogójì. Michelle ló máa dúró tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Kò kí mi káàárọ̀. Ó wá sẹ́yìn mi, ó na ọrùn kọjá èjìká mi, kọfí ń rùn lẹ́nu rẹ̀ sí mi létí. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ìwé mi ju tirẹ̀ lọ, ṣé mo jí nǹkan ni? Mo rọra ń da iyọ̀ síbẹ̀, mo ń wo nọ́ńbà pupa bó ṣe ń gòkè.

"Can't see, Shola," ló wí. "Move over a bit?"

Mo sún fún un.